Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran." Ọ̀pọ̀ ló ń pa òwe yìí bí ẹni ń fi àlejò bú, bí ẹni pé òmùgọ̀ ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Òwe náà kò ní ojú àlejò fọ́. Ó ní ojú wà, ìlò rẹ̀ ni kò tíì bá ibi tó dé mu. Àlejò rí iná, kò mọ ohun tó wà lórí rẹ̀. Ó rí èrò tó rọ̀gbà yí olóúnjẹ kan ká, kò mọ ìdí tí wọ́n fi fo tẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dá. Onílé ni yóò yá a lójú. Àlejò tí kò bá sì tọrọ ojú yìí, bó ṣe wá ni yóò ṣe padà.

Àwọn Hausa náà ní tiwọn: "Baƙo makaho ne," ìyẹn ni pé afọ́jú ni àlejò. Tiwọn le ju tiwa lọ, wọn kò tilẹ̀ gbà pé ó lójú. Ṣùgbọ́n afọ́jú kì í tìtorí pé kò ríran kó jókòó sílé. Ó ń wá ẹni tí yóò fà á lọ́pàá, ó sì ń jáde. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé òwe méjèèjì yẹ létí ẹni tó ń ti Èkó tàbí Ìbàdàn lọ sí Minna, pàápàá ẹni tí oúnjẹ ibẹ̀ ń bà lẹ́rù.

Soje jẹ́ àdúgbò kan ní ìhà Kpakungu, ní Minna. Àwọn tó ń wá ìgbafẹ́ ní ìpínlẹ̀ Niger a máa béèrè omi Gurara tó ń já láti orí àpáta, tàbí Àpáta Zuma tó wà nítòsí Suleja. Kò sí ẹni tó ń béèrè Soje. Síbẹ̀, ibi tí àwọn ènìyàn ti ń dáná, tí wọ́n ti ń ra ata lálẹ́, ibẹ̀ ni ìlú wà. Àwọn Gbagyi, tí a mọ̀ sí Gwari, ló ni ilẹ̀ Minna. Reluwé ló sọ ọ́ di ìlú ńlá: ibẹ̀ ni irin tó ti Èkó wá ti pàdé irin tó ti Baro lọ sí Kano, wọ́n sì pa iléeṣẹ́ reluwé méjèèjì pọ̀ ní 1912. Irin yìí kó Yorùbá, Ìgbò, Hausa àti Tápà lọ síbẹ̀. Minna di olú ìlú nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Niger sílẹ̀ ní 1976, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ sì dé ní 1983. Ẹni tó bá dúró létí títì ní Kpakungu lè gbọ́ èdè mẹ́rin kó tó rí kẹ̀kẹ́ wọ̀.

Nínú oúnjẹ ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká mú máásà ṣáájú. Ìrẹsì ni wọ́n ń rẹ, tí wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n ń pò mọ́ ìrẹsì sísè díẹ̀, tí wọ́n ń fi ìwúkàrà sí kó lè wú mọ́jú. Lówùúrọ̀, obìnrin tó ń tà á á gbé tanda kaná, ìyẹn àwo tó ní ihò róbótó róbótó. Á ta òróró díẹ̀ sí ihò kọ̀ọ̀kan, á bu àpòpọ̀ sí i, á sì fi irin tín-ín-rín yí i padà bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti pọ́n. Ẹ má ra èyí tó ti wà nínú kúlà. Ẹ dúró de èyí tó ń bọ̀ lórí iná. Ṣúgà ni ọ̀pọ̀ àlejò fi ń jẹ ẹ́, nítorí pé ṣúgà ni wọ́n mọ̀. Ẹ ní kí wọ́n bu miyan taushe sí i fún yín, ọbẹ̀ tí wọ́n fi elégédé àti ẹ̀pà sè, ẹ ó sì mọ ìdí tí èrò fi ń tò.

Lójú tèmi, orúkọ ló ń bà wá lẹ́rù ju oúnjẹ lọ. Mo ti rí ẹni tó kọ miyan kuka, tó ní òun kò mọ ohun tó dúdú tó sì ń yọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Kuka kì í ṣe nǹkan mìíràn ju ewé oṣè gbígbẹ tí wọ́n gún kúnná, lúrú tí wọ́n ń sè nílé bàbá rẹ̀. Daddawa ni irú. Kosai ni àkàrà. Kì í ṣe oúnjẹ nìkan: àwọn Tápà ń kí ara wọn ní "oku be", ó sì súnmọ́ "ẹ kú" tiwa tó bẹ́ẹ̀ tí etí fi ń tètè gbà á. Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu, nígbà tí ìtàn wa fúnra rẹ̀ sọ pé ọmọ Tápà ni ìyá Ṣàngó. Bí ẹ bá sì mọ "mai" nìkan nínú èdè Hausa, ẹ ti mọ ìdajì ọjà: "oní" tiwa ni. Mai masa ni onímáásà, mai shayi ni onítíì tó ń dín ẹyin lálẹ́ lábẹ́ ìtànná.

Àwọn tó ń wá ohun tó ṣàjèjì gan-an kò ní pàdánù. Danwake wà, ìyẹ̀fun ẹ̀wà tí wọ́n fi kuka àti káún pò, tí wọ́n sè nínú omi, tí wọ́n wá fi òróró àti ata yájì jẹ. Kilishi wà, ẹran tí wọ́n là fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìwé, tí wọ́n sá sóòrùn, tí wọ́n fi ẹ̀pà lílọ̀ àti ata kùn, kí wọ́n tó yan án. Ní àkókò rẹ̀, ẹ lè rí kòkòrò tó ń jẹ ewé igi òrí, tí wọ́n ti sè, tí wọ́n sì ti sá gbẹ. Wọ́n ń jẹ ẹ́ ní Niger, wọ́n ń jẹ ẹ́ ní Kwara. Ẹni tó bá ní òun kò lè jẹ kòkòrò, kó rántí èsúnsún tó ń ṣà lọ́mọdé lẹ́yìn òjò.

Ẹ ó tún rí nǹkan kan tí kì í ṣe oúnjẹ. Àwọn obìnrin Gbagyi kì í ru ẹrù sórí. Èjìká ni wọ́n ń gbé igi ìdáná àti ìkòkò omi lé. Wọ́n ní orí ló ń darí ara, kò yẹ kí a di ẹrù rù ú. Àwa tí a ń bọ orí ló sì ń fi orí rẹrù! Ẹ má fi fóònù ya àwòrán wọn láìtọrọ ààyè.

Ṣùgbọ́n ìgboyà láìbéèrè ni ohun tí òwe wa kọ̀. Ní ọ̀sán gangan kan, mo mu fúrá tí wọ́n pò mọ́ nono, wàrà kíkan tí wọ́n ń gbé kiri nínú igbá, wọ́n sì ju áìsì sí i fún mi. Ọjọ́ méjì ni mo fi dùbúlẹ̀. Mi ò dá ẹni tó tà á lẹ́bi. Láti kékeré ni inú àwọn tó ń mu ún níbẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Èmi ni mi ò béèrè bóyá wọ́n se wàrà náà, tàbí omi wo ni wọ́n fi ṣe áìsì. Fúrá dára, jéró ni. Ẹ wá èyí tí wọ́n fi wàrà sísè ṣe, kí ẹ má fi áìsì sí i. Ẹ mu omi inú ọ̀rá tó ní nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ fi ORS, oògùn tí a ń pò mómi fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru, sínú báàgì. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ fi jẹun, òun náà ni kí ẹ fi san owó. Bí ẹ kò bá fẹ́ ata, ẹ sọ pé "ban da yaji" kí wọ́n tó wọ́n ọn, nítorí bí wọ́n bá ti wọ́n ọn tán, kò ní ṣeé gbọ̀n dànù.

Ti ìrìn kò gba àlàyé púpọ̀. Ọ̀sán ni kí ẹ rin ọ̀nà Jẹ́bbà, Mọ́kwá àti Bídà. Ẹ dá owó kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ ra ohun tí ẹ fẹ́ rà tán kí ìrun ọ̀sán tó tó. Nínú oṣù Ramadan, ẹ má jẹun ní gbangba lọ́sàn-án, ẹ dúró di ìgbà ìṣínu, tí kosai àti ohun mímu kunu ń jáde. Láti ọdún 2000 ni òfin ṣàríà ti wà ní ìpínlẹ̀ náà, nítorí náà ẹ má béèrè ọtí lọ́wọ́ ẹni tó ń ta oúnjẹ. Ìgbèríko Shiroro, Munya àti Rafi kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ nítorí àwọn agbébọn. Bí onílé bá ní kí ẹ má lọ, ẹ má lọ.

Ẹ̀yin òbí tó ń mú ọmọ lọ sí yunifásítì ní Gidan Kwano, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má di oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta sínú kúlà láti Èkó. Ẹ sùn ní Minna mọ́jú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹ béèrè ọ̀nà Soje, ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì onímáásà pẹ̀lú ọmọ yín, kí ẹ sì bi ìyá náà léèrè ọbẹ̀ tó sè lónìí.