Ìmúrasílẹ̀ Ìdílé De Omíyalé ní Ìlú Ìbàdàn

Omíyalé ni omi òjò tàbí omi odò tó kọjá ààyè rẹ̀, tó sì ya wọ ilé àti ìsọ̀. Ó wà lára àwọn àjálù tó ti ṣe ìlú Ìbàdàn ní ọṣẹ́ jù lọ. Àkọsílẹ̀ yìí ṣàlàyé ohun tó ń fà á, àti ohun tó yẹ kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ṣe ṣáájú rẹ̀, nígbà tó bá dé, àti lẹ́yìn tó bá lọ.

Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa tó gba àárín ìlú kọjá kún àkúnya. Ó wó ilé, ó gbé ọkọ̀, ó sì gba ẹ̀mí tó lé ní 100. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò ńlá mìíràn rọ̀ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́rin. Ìwọ̀n omi rẹ̀ lé ní 180 mìlímítà. Àwọn afárá já, adágún omi Ẹlẹ́yẹlé kún kọjá ààlà, ẹ̀mí tó ṣòfò sì tún lé ní 100. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àkànṣe lórí omíyalé pẹ̀lú owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé.

Ẹ kíyè sí i pé inú oṣù Kẹjọ ni ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì bọ́ sí, ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òjò ń sinmi kí àrọ̀kúrò tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ ká nítorí pé òjò dá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ohun tó ń fà á

Ìlú olókè ni Ìbàdàn. Omi tó bọ́ láti orí páànù àti ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì bò kì í rí ibi wọ̀ sí. Ìsàlẹ̀ ni ó ń sáré lọ, sínú Ògùnpa, Kúdẹtì àti odò Ọ̀nà. Bí pàǹtírí bá ti dí ojú odò, tí ilé sì ti gba ilẹ̀ tí odò ń tẹ́ sí nígbà tó bá kún, omi yóò wá ọ̀nà mìíràn. Àwọn àgbà sọ pé àgbàrá kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Àtikọ̀ fún un kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Kí òjò tó ṣú ni a ti ń ṣe é.

Ṣáájú òjò

Ẹ bi àwọn tó ti pẹ́ ládùúgbò léèrè ibi tí omi dé rí, kí ẹ sì wo ara ògiri fún àmì rẹ̀. Ẹ jọ kó ìdọ̀tí inú gọ́tà pẹ̀lú àwọn aládùúgbò, nítorí gọ́tà tó mọ́ níwájú ilé yín kò wúlò bí ti ilé kejì bá dí. Ìdọ̀tí tí ẹ kó jáde kò gbọdọ̀ wà létí gọ́tà, kí òjò má baà gbé e padà.

Ẹ yan ibi gíga kan tí gbogbo ará ilé yóò ti pàdé. Ẹ pinnu ẹni tí yóò mú àwọn ọmọdé, ẹni tí yóò ran àgbàlagbà tàbí aláìsàn lọ́wọ́, àti ẹni tí yóò lọ mú ọmọ nílé ìwé bí òjò bá ká wọn mọ́ ibẹ̀.

Ẹ di ẹrù kan sílẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o. Kí nǹkan wọ̀nyí wà nínú rẹ̀:

- ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí ìbí àti ìwé ẹ̀rí ilé ìwé, tí a fi ọ̀rá méjì wé;
- tọ́ọ̀ṣì, rédíò kékeré àti bátìrì;
- oògùn tí ará ilé ń lò lójoojúmọ́;
- omi mímu, gaàrí àti oúnjẹ mìíràn tí a kò ní sè;
- aṣọ, owó díẹ̀, àti nọ́ńbà fóònù àwọn ẹbí tí a kọ sínú ìwé.

Ẹ máa fetí sí ìkéde àjọ NiMet lórí òjò, àti ti àjọ NIHSA lórí odò tó lè kún.

Nígbà tí omi bá ń bọ̀

Ẹ pa iná mànàmáná láti ojú mítà kí omi tó wọlé. Bí omi bá ti dé ibẹ̀, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Ẹ tètè lọ sí ibi gíga, ẹ má sì padà nítorí ẹrù. Àgbàrá tó ga tó 15 sẹ̀ǹtímítà péré lè gbé àgbàlagbà ṣubú bó bá ń sáré. Èyí tó tó 60 sẹ̀ǹtímítà lè gbé ọkọ̀ lọ. Ẹ má ṣe gba orí afárá tí omi ti bò, pàápàá lálẹ́, nítorí ojú kò lè rí i bóyá afárá náà ṣì wà lábẹ́ omi. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ni 112.

Lẹ́yìn tí omi bá lọ

Ògiri alámọ̀ tó ti mu omi lè wó lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má ṣe sùn síbẹ̀ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ ilé tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ṣọ́ra fún ejò nínú ẹrù tó tutù. Ẹ da oúnjẹ tí omi kàn nù. Ẹ má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ nínú ilé, nítorí èéfín rẹ̀ ń pani.

Omi ṣalángá máa ń dà pọ̀ mọ́ omi kànga, onígbáméjì a sì tẹ̀lé e. Ẹ se omi mímu títí yóò fi hó dáadáa, kí ẹ sì pe wọlé-wọlé láti tọ́jú kànga. Bí ẹnìkan bá ń yàgbẹ́ olómi, ẹ po ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́fà àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí kékeré, tí kò kún rékọjá ẹnu ṣíbí, sínú lítà omi mímọ́ kan. Kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ṣe àtúnyẹ̀wò ètò yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kí wọ́n sì tún un ṣe kí oṣù Kẹjọ tó wọlé.