Ohun Èlò Ìrànwọ́

Lẹ́nu àwọn olùkọ́ kan, gbogbo ohun tó bá ti ń lo iná mànàmáná nínú kíláàsì ni ohun èlò ìrànwọ́. Àṣìpè ni.

Ohun èlò ni ohun tí a fi ń ṣiṣẹ́. Inú "ràn lọ́wọ́" ni ìrànwọ́ ti wá. Nínú ètò ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìpèníjà ara ni à ń ràn lọ́wọ́, kó lè ṣe ohun tí ìpèníjà náà ìbá dí i lọ́wọ́. Síléètì tí ẹni tí kò ríran fi ń tẹ àmì Braille sórí ìwé wà lára ohun èlò ìrànwọ́, kò sì lo iná rárá. Àpẹẹrẹ: "Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ni ohun èlò ìrànwọ́ tí Bọ́lá ń lò ní kíláàsì."

Ohun èlò ìkọ́ni ni wọ́n sábà máa ń ṣì pè ní ohun èlò ìrànwọ́: àwòrán tàbí máàpù tí olùkọ́ fi ń la ẹ̀kọ́ yé gbogbo ọmọ. Àmọ́ máàpù tó yọ gọngọ, tí ìka lè kà, ti di ìrànwọ́ fún ẹni tí kò ríran.

Òfin IDEA, ìyẹn òfin Amẹ́ríkà lórí ẹ̀kọ́ àwọn tó ní ìpèníjà, ní dandan ni kí àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ ọmọ tó ní ìpèníjà yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó nílò irú ohun èlò yìí. Ní Nàìjíríà, òfin lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 2019, ní kí ilé-ìwé ìjọba pèsè ohun èlò àkànṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìpèníjà. Bí ilé-ìwé bá wá fi owó ohun èlò ìrànwọ́ ra pírójẹ́tọ̀, ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa ni wọ́n rẹ́ jẹ.