Àwọn Méjì Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀pá

Tí fídíò eré ọ̀pá Rọ́ṣíà bá já lu yín lórí fóònù, òkè lojú yín á kọ́kọ́ lọ, sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta òkìtì lófurufú. Bẹ́ẹ̀ náà làwa ṣe. Ìgbà tá a wò ó lẹ́ẹ̀kẹta la tó rí i pé àwọn méjì tó gbé ọ̀pá lé èjìká ò dúró sójú kan rárá.

Ọ̀pá náà gùn tó mítà 4 sí 5, fífẹ̀ ẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n á gbé e lórí méjèèjì, ẹnì kẹta á dúró láàárín. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, á tẹ̀ bí ọrun tí wọ́n fà, á sì ta ẹni náà sókè. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá ti kúrò lórí ọ̀pá, kò lè yí ibi tó ń lọ padà mọ́. Bó bá yà sápá kan, àwọn méjì ìsàlẹ̀ ló máa gbé ọ̀pá lọ bá ẹsẹ̀ ẹ̀, tí wọ́n á tún tẹ orúnkún kí bíbalẹ̀ náà má bàa le jù.

Irú ìfọkàntán yìí kì í ṣe ohun ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́dún 1919, ìjọba Lenin sọ àwọn ilé eré sákọ́ọ̀sì di ti ìjọba. Nígbà tó di 1927, ilé ẹ̀kọ́ sákọ́ọ̀sì ti ṣí ní Moscow. Òkìtì di iṣẹ́ tí èèyàn ń lọ sílé ìwé kọ́. Lójú tiwa, ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ òkìtì báyìí ni irú eré yìí ti lè gbilẹ̀.

Ọ̀pá tòní fúnra ẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn eléré ìdárayá ló ti wá. Ọparun ni Cornelius Warmerdam, ará Amẹ́ríkà, fi fo mítà 4.77 lọ́dún 1942. Láàárín ọdún 1960 sí 1970 ni fiberglass, irú èyí tí wọ́n fi ń kan ọkọ̀ ojú omi kéékèèké, gba ipò lọ́wọ́ àwọn ọ̀pá àtijọ́. Fred Hansen fo mítà 5.10 ní Tokyo lọ́dún 1964. Àwọn elésákọ́ọ̀sì wá ń so mẹ́ta irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ pọ̀, wọ́n á fi téèpù wé e. Ọ̀pá tí ẹnì kan ń dá gbé sáré di èyí tí ẹni mẹ́ta ń jẹun lórí ẹ̀.

Cirque du Soleil ti Kánádà gbé eré yìí wọ Alegría, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1994, ayé sì rí i. Síbẹ̀, ẹni tó fò ni wọ́n ṣì máa ń pàtẹ́wọ́ fún jù.

Ẹ padà lọ wo fídíò yẹn, kẹ́ ẹ fi ẹni tó ń fò sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ wo ọrùn àwọn méjì ìsàlẹ̀: wọ́n gbójú sókè látìgbà tó ti gbéra, ẹsẹ̀ wọn nìkan ló ń wá ilẹ̀.