Nǹkan

Bí ìyá kan lọ́jà Òkè-Oyi, nítòsí Ìlọrin, bá gbàgbé orúkọ ohun tó ń wá, á ní: "Ẹ bá mi mú nǹkan yẹn, nǹkan tí a fi ń jọ èlùbọ́." Ajọ̀ ló ń wí, ó sì ti yé ọmọ tó rán.

Òyìnbó náà ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: "stuff". Ẹrù ni, oúnjẹ ni, ọ̀rọ̀ ẹnu pàápàá ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti bá aṣọ rìn jìnnà. Ọ̀dọ̀ Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá a. "Étoffe" ṣì ń jẹ́ aṣọ lẹ́nu Faransé títí dòní. Lọ́dọ̀ àwọn ará Jámánì, "Stoff" jẹ́ aṣọ, ó tún jẹ́ èròjà. Àwọn lọ́yà Gẹ̀ẹ́sì kò tíì gbàgbé: ẹ̀wù "stuff" ni ti lọ́yà tí kò tíì dé ipò àgbà, ṣẹ́dà ni ti àgbà.

Tiwa kò ti ara aṣọ wá. "Ohun kan" ni. Ẹnu yára pè é, ó di "nǹkan". Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ó mọ bí a ti ń bo àṣírí: nǹkan oṣù ni àwọn obìnrin wa ń wí. Ó sì tún lè gbé ènìyàn ga: ẹni tó ti di nǹkan ti kúrò ní ẹni yẹpẹrẹ.

Ṣùgbọ́n dé ìdí òfì, kí o gbọ́. Sányán, àlàárì, ẹtù: orúkọ gidi ni ahunṣọ ń pè wọ́n.