Ìràwọ̀ tó ń gba orí Ìbàdàn kọjá

Tí ẹ bá dúró létí adágún Auburn Bay níbí lálẹ́ oṣù Kejìlá, tí ẹ kọjú sí gúúsù ìlà-oòrùn, ẹ ó rí ìràwọ̀ pupa kan. Betelgeuse lorúkọ rẹ̀. Òun kan náà ló ń gba àárín orí Ìbàdàn gan-an kọjá. Ìtàn rẹ̀ sì kan Áfíríkà ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe mọ̀ lọ.

Lọ́dún 1836, Cape Town ni John Herschel wà nígbà tó kíyè sí i pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Lónìí a mọ̀ pé ìràwọ̀ náà ń wú, ó ń fọn, ní nǹkan bí 400 ọjọ́ síra wọn. Àmọ́ àyípadà mìíràn tún wà, tó ń gba bí ọdún mẹ́fà. Kí ló ń fa ìyẹn?

Lọ́dún 1908, H. C. Plummer ní ó lè jẹ́ pé ìràwọ̀ kejì ló ń fà á síwá sẹ́yìn. Lọ́dún 1928, Harold Spencer Jones, ọ̀gá ilé ìwòràwọ̀ ní Cape Town, tún yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ṣùgbọ́n ta ló rí ìkejì ọ̀hún? Kò sí. Wọ́n bá pa á tì.

Ẹ rántí ìparí 2019 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2020, nígbà tó pàdánù ju ìdajì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ, táwọn èèyàn ń pariwo pé ó fẹ́ bú gbàmù. Eruku tó tú jáde lára òun fúnra rẹ̀ ló bò ó lójú. Irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ lè tan èèyàn jẹ.

Lọ́dún 2024, àwọn onímọ̀ tún àkọsílẹ̀ tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tú wò, wọ́n ní ìkejì wà lóòótọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ikọ̀ Steve Howell lo awò Gemini North ní Hawaii, tí Kánádà ní ìpín nínú rẹ̀, wọ́n sì rí nǹkan bàìbàì níbi tí ìṣirò ní kó wà. Siwarha ni wọ́n sọ ọ́.

Ẹ̀rí náà ò tíì le tó o. Oṣù Kọkànlá 2027 ló tún máa jìnnà sí Betelgeuse tó láti hàn dáadáa. Àmọ́ ẹ wò ó: àwọn tó ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ lálaalẹ́ nígbà yẹn ti kú láìrí ìdáhùn, síbẹ̀ nọ́ńbà wọn la fi ń wá a. Ẹ̀yin tá a jọ ń ṣe PhD, ẹ má fojú kéré ohun tí ẹ ń kọ sílẹ̀.