Òfin Ọ̀sẹ̀ Méjì

Lójú àwọn ọmọ ilé kéwú tí mò ń kọ́, "Ghana Must Go" kò ju orúkọ báàgì lọ, báàgì ràgàjì tí àwọn oníṣòwò fi ń kó ẹrù. Nígbà tí mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n ní kó máa lọ, ṣe ni wọ́n ń wo ara wọn lójú. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú kálámù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, Gánà gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Kí òmìnira tó dé ni àwọn èèyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀ffà, Ìníṣà àti Ṣakí ti ń lọ síbẹ̀ ṣòwò. Láti Kúmásì dé Tàmálè, ó ṣòro kí ènìyàn dé ọjà kan kó má bá Yorùbá níbẹ̀. Wọ́n kọ́lé, wọ́n kọ́ mọ́sálásí, wọ́n bímọ tó gbọ́ Twi ju Yorùbá lọ.

Orúkọ rere ni Gánà ní nígbà náà. Láti 1957 tí ó ti gba òmìnira ni Kwame Nkrumah ti fẹ́ sọ ọ́ di ilé gbogbo aláwọ̀ dúdú. W. E. B. Du Bois fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ lọ gbé Àkrà, ibẹ̀ ló kú sí ní 1963. Malcolm X náà débẹ̀ ní 1964 lẹ́yìn tí ó ti Mẹ́kà dé. (Ìbàdàn ló ti kọ́kọ́ yà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí ti sọ ọ́ ní Ọmọ́wálé.)

Nígbà tó yá, gbèsè wọ ilẹ̀ náà lọ́rùn, iṣẹ́ sì wọ́n. Bí ìyà bá ti dé, àlejò ni onílé kọ́kọ́ máa ń wò. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Busia kéde pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀, tó tajà láwìn káàkiri abúlé, báwo ni yóò ṣe gba owó rẹ̀ láàrin ọjọ́ mẹ́rìnlá? Àwọn kan ta ilé wọn lọ́pọ̀, àwọn mìíràn kò rí olùrà rárá. Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó jẹ́ pé Twi ló fi ń kawó títí ó fi kú.

N kò sọ pé ìjọba kò lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ẹni tó wà nílùú rẹ̀. Òfin ìwé ìgbélùú ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìkánjú yẹn ló sọ ọ́ di ìkà. Oko kòkó wọn pàápàá wá ń wá alágbàṣe kò rí.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa jàre. Ní 1979, ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Owó epo ń wọlé fún wa, àwọn ará Gánà sì wá: tíṣà, bíríkìlà, télọ̀. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Alhaji Shehu Shagari ní kí àjèjì tí kò níwèé jáde, ọ̀sẹ̀ méjì kan náà ni wọ́n sì fún ọ̀pọ̀ wọn. Wọ́n fojú bù ú pé àwọn tó jáde lé ní mílíọ̀nù kan. Gánà ti ti ẹnubodè tirẹ̀ láti 1982, nítorí náà ojú ọ̀nà ní Benin ni ọ̀pọ̀ há sí, ti àwọn ti ọmọ, kí Rawlings tó ṣí i. Gbogbo ayé ló rí àwòrán wọn. Ní 1985 a tún ṣe bẹ́ẹ̀. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù ló gba orúkọ náà, ibi tí orúkọ ọ̀hún sì ti jáde ni Nàìjíríà.

Ní 2019, Gánà pe àwọn aláwọ̀ dúdú káàkiri àgbáyé wá ṣèbẹ̀wò, láti sàmì sí irínwó ọdún tí wọ́n kó àwọn ẹrú ilẹ̀ Áfíríkà dé Virginia. Wọ́n wá lọ́pọ̀ yanturu, Àkrà kún. Mo bi ìyá kan tí wọ́n bí sí Kúmásì bóyá òun náà yóò lọ. Ó ní òun ì bá lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi òun níbodè pé kí ni òun wá ṣe, òun kò mọ̀ bóyá kí òun ní òun wá ṣèbẹ̀wò ni, tàbí òun padà wálé.