Eré Ìje Tí Ẹnikẹ́ni Kò Pè Ní Eré Ìje: Ọ̀nà Òṣogbo sí Iléṣà Lẹ́yìn Ogun Hitler

Bí ẹ bá wà nínú mọ́tò báyìí tí ẹ ń gbọ́ wa lórí fóònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo awakọ̀ yín dáadáa. Ṣé ó ń wo ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ bí ẹni pé gbèsè bàbá rẹ̀ ló wà lọ́rùn ẹni tó ń wà á? Ṣé ó ti yọ orí sọ́tùn-ún, ó yọ ọ́ sósì, ó ń wá ibi tó máa gbà kọjá? Ìtàn irú eré yẹn la fẹ́ sọ lónìí. A máa kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà, torí àwọn ará ibẹ̀ gbé eré náà jáde ní gbangba, wọ́n fún un lórúkọ, wọ́n fún un lọ́jọ́. Lẹ́yìn náà la óò padà sílé.

Ogun Hitler parí ní 1945. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ti gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rí irú mọ́tò kan tí wọn kì í rí nílé: kékeré, ìjókòó méjì péré, tó ń yí kọ́nà bí ejò. MG TC ni èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù nínú wọn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 1,250 cc lọ, ṣùgbọ́n ayọ̀ tó wà nínú wíwà á kò kéré. Àwọn tó fẹ́ràn irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti 1944, Sports Car Club of America. Ọ̀kan nínú wọn, Cameron Argetsinger, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Cornell, lọ bá àwọn ará ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Watkins Glen ní ìpínlẹ̀ New York. Ó ní kí wọ́n ti ọ̀nà fún àwọn lọ́jọ́ kan, àwọn fẹ́ sá eré. Wọ́n gbà fún un.

2 October 1948 ni ọjọ́ náà. Ojú ọ̀nà eré gùn tó kìlómítà 10.6. Ó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá ní òpópónà ìlú, ó gun òkè, ó wọ ọ̀nà eléruku, ó sì kọjá lórí ojú irin. Ilé iṣẹ́ rélùwéè ní láti dá ọkọ̀ ojú irin dúró kí eré fi parí. Ẹ rò ó wò: kí wọ́n ti Òṣogbo pa láti Old Garage gba Ọláìyá, kí wọ́n já sí Station Road, kí rélùwéè sì ní kí ọkọ̀ ojú irin dúró de àwọn ọ̀rẹ́ kan tó ń fi mọ́tò tiwọn ṣeré! Frank Griswold ló gba ipò kìíní, nínú Alfa Romeo kan tí wọ́n ti ṣe ṣáájú ogun. Kò sí owó ẹ̀bùn. Òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tó bá ń sáré nítorí owó kì í ṣe tiwọn. Lọ́yà, dókítà àti ọmọ olówó ló pọ̀ nínú wọn.

Eré dùn, àfi ìgbà tí kò dùn mọ́. Ní 1950, Sam Collier kú síbẹ̀ nínú Ferrari. Ó dun gbogbo wọn, síbẹ̀ wọ́n tún padà wá lọ́dún kejì. Ní 1952, èrò jókòó sí etí òpópónà gan-an, ẹsẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú títì. Mọ́tò Allard tí Fred Wacker ń wà yà sínú èrò. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 7 kan kú, àwọn mìíràn fara pa. Eré sísá láàárín ìlú dópin níbẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé eré náà lọ sí àwọn ọ̀nà oko lẹ́yìn ìlú, nígbà tó sì di 1956, wọ́n kọ́ pápá tirẹ̀ fún un. Láàárín ìgbà yẹn, Ọ̀gágun Curtis LeMay, tó fẹ́ràn mọ́tò kékeré bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ràn súìtì, ti ń yá ẹgbẹ́ náà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú àwọn ológun.

Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà náà rí irú rẹ̀ o. Ní Dakar, ní àdúgbò Ouakam, wọ́n sá eré mọ́tò ńlá ní 1956, Maurice Trintignant ló sì gbégbá orókè nínú Ferrari. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni ti Trintignant, òun ló gba Le Mans ní 1954 àti Monaco ní 1955. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ wà nítòsí wa.

Rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907. Kò ya Iléṣà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ló ṣàlàyé ohun tó kù. Kòkó Ìjẹ̀ṣà ní láti rìn tó bí ọgbọ̀n kìlómítà kó tó rí ojú irin, ẹrù aṣọ àwọn Òṣómàáló sì ní láti wọ inú ìgbèríko tí rélùwéè kò dé láéláé. (Òṣómàáló ni àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn, tí wọ́n máa ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ títí wọn yóò fi gba owó wọn. I.K. Dáíró pàápàá ti kiri aṣọ bẹ́ẹ̀ kó tó di gbajúgbajà.) Nítorí náà, lọ́rì di ẹsẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ìjọba òyìnbó kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, torí lọ́rì ń gba oúnjẹ lẹ́nu rélùwéè wọn, wọ́n sì ń fi owó láísẹ́ǹsì ni àwọn onílọ́rì lára. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ ṣòwò ọkọ̀ rí, ó sì jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò.

Nígbà tí ogun parí, àwọn ọmọ wa náà padà dé, láti Bọ́mà. Púpọ̀ nínú wọn ti kọ́ mọ́tò wíwà nínú iṣẹ́ ológun. Ogun kan náà tó fi mọ́tò MG han ọmọ Amẹ́ríkà ló fi sítíárì lé ọmọ wa lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ wà nínú ohun tí wọ́n bá nílé. Tiwa kì í ṣe mọ́tò oníjókòó méjì. Lọ́rì Bedford ni: ẹ́ńjìnnì àti irin ìsàlẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàkó láti ọwọ́ káfíńtà ìlú. Èrò á jókòó lórí pákó gbọọrọ, ewúrẹ́ á wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, àpò kòkó á wà lẹ́yìn. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú rẹ̀. Àwa la pè é ní bọ́lẹ̀kájà: bọ́ sílẹ̀ ká jà! Orúkọ yẹn sọ gbogbo rẹ̀. Àwọn kọ̀ńdọ́ ń fa èrò mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní gáréèjì títí ìjà fi ń ṣẹlẹ̀.

Ìjà náà kì í parí sí gáréèjì. Èmi kò bá àwọn tó ń sọ pé wèrè ló ń ṣe awakọ̀ ayé ìgbà náà lọ. Ìṣirò ni wọ́n ń ṣe. Ká ní lọ́rì méjì kúrò ní Òṣogbo lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n forí lé Iléṣà. Ìyá kan dúró sí etí ọ̀nà pẹ̀lú agbọ̀n iṣu. Ta ni yóò gbé e? Ẹni tó wà níwájú. Ìyá mìíràn tún wà níwájú díẹ̀, ẹni tó wà níwájú náà ló máa gbé e. Ẹni tó wà lẹ́yìn, eruku nìkan ni èrè rẹ̀. Ẹni tó bá sì tètè dé yóò tètè padà, yóò rí ẹrù gbé lẹ́ẹ̀kan sí i kí ilẹ̀ tó ṣú, bẹ́ẹ̀ owó tó máa kó fún olówó ọkọ̀ ń dúró dè é nírọ̀lẹ́. Èyí ló bí eré àsápajúdé. Àwọn èrò gan-an ń kì í: "Dẹ́rẹ́bà, má jẹ̀ẹ́ kó yà wá!" Ìyá tó bá sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra, ìró ẹ́ńjìnnì á bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ wá fi wé Watkins Glen. Wọ́n ti ọ̀nà níbẹ̀, àwa kò tì í. Ọjọ́ kan lọ́dún ni tiwọn, ojoojúmọ́ ni tiwa. Nígbà tí ọmọ ọdún 7 kú níbẹ̀, gbogbo ènìyàn mọ ohun tó pa á, torí ohun náà ní orúkọ: eré ìje. Níhìn-ín, bí lọ́rì bá ṣubú, a óò ní bíréèkì ló já, tàbí Ògún ló ń wá ẹ̀jẹ̀, ó yẹ kí dẹ́rẹ́bà ti bọ ọ́ lájá, tàbí bí Ọlọ́run ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Eré ìje kì í sí nínú ẹjọ́ tí a ń rò. Ta ló fẹ́ fòfin de ohun tí kò sí?

Ní 1970, ẹgbẹ́ òṣèré Hubert Ògúnǹdé ń lọ ṣeré ní Iléṣà. Ìjàm̀bá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, ìyàwó rẹ̀ Adéṣẹ̀wà, òṣèré tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màmá Èkó, sì kú. N kò sọ pé eré ìje ló fà á. Ohun tó ń gún mi lọ́kàn ni orúkọ eré tí wọ́n fẹ́ lọ ṣe: Àyànmọ́.

Ẹni tó kọ̀ láti gbà pé àyànmọ́ ni gbogbo rẹ̀ ni Wọlé Ṣóyínká. Ó ti kọ eré kan nípa ojú ọ̀nà àti àwọn dẹ́rẹ́bà, The Road, tó jáde ní 1965. Nígbà tó wà ní Yunifásítì Ifẹ̀, ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn ń jẹ àwọn ọmọ ilé ìwé àti olùkọ́ bí ẹní jẹ ẹ̀pà. Ní 1977, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Òṣogbo, Iléṣà àti Ifẹ̀ wà nínú rẹ̀ nígbà náà, dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, Ṣóyínká sì ni olórí rẹ̀. Àwọn ará ìlú sọ wọ́n ní Májàmájà. Olùkọ́ yunifásítì ń dúró nínú oòrùn, ó ń dá bọ́ọ̀sì dúró, ó ń bi dẹ́rẹ́bà pé kí ló ń lé. Púpọ̀ nínú wọn kò gba kọ́bọ̀. Èyí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín: ní Watkins Glen, àwọn tí kò gba owó ló ń sá eré náà. Lọ́dọ̀ wa, àwọn tó ń sá a ló ń wá owó, àwọn tí kò gba owó ló ń dá wọn dúró.

Ìjọba àpapọ̀ tú Májàmájà ká ní 1983. Ọdún márùn-ún kọjá kí wọ́n tó dá FRSC sílẹ̀ ní February 1988, ni wọ́n bá tún lọ pe Ṣóyínká wá ṣe alága.

Bí bàbá yín àgbà bá wa bọ́lẹ̀kájà rí ní agbègbè Òṣogbo tàbí Iléṣà, ẹ bi í ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síwájú ọkọ̀ rẹ̀, kí ẹ fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ẹ bi í pẹ̀lú pé ta ni kì í jẹ́ kí òun ya òun. Yóò ṣì rántí orúkọ onítọ̀hún. Ó dàbọ̀ o.